Àpótí Orin Kan fún Gbogbo Ilé

Ọ̀rọ̀ orin inú ilé ni mo mú wá lóṣù yìí.

Nígbà tí a ń lo kásẹ́ẹ̀tì, inú àpótí kan ni gbogbo rẹ̀ ń wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ á mú un, á sì dá a padà. Lónìí, fóònù olúkúlùkù ni orin tirẹ̀ wà, mo sì ti fojú winá rẹ̀. Ohùn ìyá mi olóògbé, níbi tó ti ń kọrin ní ọjọ́ ìdúpẹ́, ni mo gbà láti inú kásẹ́ẹ̀tì sórí fóònù kan ṣoṣo. Ọmọ mi ń wá àyè fún fídíò, ó bá pa á rẹ́. Téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì náà sì ti já. Mo bínú gan-an, kí n tó rántí pé n kò kọ orúkọ kankan sí i, nọ́ńbà lásán ni ọmọ rí.

Nísinsìnyí, láptọ́ọ̀pù àlòkù kan tí a rà ní Computer Village, Ìkẹjà, ni àpótí wa ní Dòpẹ̀mú. Wi-Fi ilé ló so ó mọ́ fóònù gbogbo wa, VLC tí a kì í sanwó fún la sì fi ń gbọ́ ọ. Orin náà kò jáde nínú ilé, nítorí náà kò jẹ dátà rárá. Bí router bá ṣáà ti ní iná, tí láptọ́ọ̀pù náà sì wà ní títàn, ó tó. Ẹgbẹ̀rún orin oníṣẹ́jú 4 lè má gbà ju nǹkan bíi GB 4 lọ. Bàbá wọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Ọ̀gbà lè máa sùn lọ́sàn-án, kí àwa mẹ́ta fi íápíìsì gbọ́ orin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà lè bá yín tò ó. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í: "Read" ni kó yàn fún àwọn ará ilé, kì í ṣe "Read/Write", kí wọ́n lè gbọ́ ṣùgbọ́n kí wọ́n má lè pa á rẹ́. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa kó orin wọlé, kó sì máa kọ orúkọ olórin àti ọdún sí i.

Ọdún 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọrin sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n tẹ àwo náà lọ́pọ̀, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ dòní. Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì sínú flash, kí ẹ gbé e sí ilé ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Abẹ́òkúta sọ pé ó dà bí ẹni pé òun náà ní kásẹ́ẹ̀tì ìdúpẹ́ yẹn. Mo ń lọ wò ó ní Sátidé.