Gbàǹjo géèmù ti dé: èyí tó yẹ ká rà, èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀

Ẹ̀yin tó wà ní Kano, ẹ̀yin Jos, ẹ̀yin Kaduna, Abuja, Makurdi, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní Port Harcourt lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, ẹ má tíì kọjá lọ, torí ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ju àwọn ọmọ lọ.

Ọ̀pọ̀ wa ni kò ní relé lọ́dún yìí. Owó ọkọ̀ ti lọ sókè, ọ̀nà náà ò sì fini lọ́kàn balẹ̀. Ọmọ tí ì bá wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà máa wà lọ́dọ̀ wa níbí fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Ìyá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bàbá ń lọ síbi iṣẹ́. Kí ni ọmọ máa fi ọwọ́ ṣe? Kò sí àdúgbò tí kò ní ilé géèmù báyìí. Ibẹ̀ ni ọmọ ọdún mọ́kànlá á ti jókòó ti àwọn ọmọ ogún ọdún tí wọ́n ń fi géèmù bọ́ọ̀lù ta tẹ́tẹ́. Kí ìyá tó dé láti ọjà, owó tó fi sílẹ̀ fún búrẹ́dì ti lọ.

Àsìkò yìí kan náà ni àwọn tó ń ta géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń lu ọjà wọn ní gbàǹjo. Èrò tèmi ni pé gbàǹjo yìí lè ṣe ilé wa láǹfààní gan-an, àmọ́ kì í ṣe bí àwọn ọlọ́jà ṣe fẹ́ ká rà á. Géèmù kékeré tí owó rẹ̀ ò pọ̀, tí èèyàn méjì lè jókòó ti ara wọn gbá, òun ni kí ẹ rà. Géèmù ńlá tí gbogbo ayé ń pariwo, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ owó. Steam ni ọjà géèmù kọ̀ǹpútà tó gbajúmọ̀ jù. Ó máa ń lu gbàǹjo lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún, àmọ́ èyí tó lórúkọ jù ni ti ìparí oṣù kẹfà àti ti Kérésì, tó máa ń wọ ọdún tuntun. Dọ́là ni wọ́n fi ń tà fún wa ní Nàìjíríà, kì í ṣe náírà. Géèmù ńlá tuntun ti di 70 dọ́là báyìí. Bí a bá fi 1,500 náírà ṣírò dọ́là kan, 105,000 náírà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ìyẹn ni pé òṣìṣẹ́ tó ń gba owó yẹn máa ṣiṣẹ́ oṣù kan àtààbọ̀ láìjẹ, láìmu, kó tó ra géèmù kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá wá yọ ìdajì owó náà, 52,500 náírà ló ṣì kù. Ẹni tó sáré rà á torí pé wọ́n ní "ìdajì owó" kò tíì jèrè kankan o. Ó ná 52,500 náírà ni.

Owó géèmù nìkan kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn géèmù ńlá ìsinsìnyí ju 100 gígábáìtì lọ, dátà wa la sì máa fi gbé e wálé. Ẹ rántí pé ní oṣù kìn-ín-ní 2025 ni àjọ NCC gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi ohun tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Bí dátà bá wá pé, ṣé iná wà? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà wa ti sọ ọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi géèmù kí ẹ tó yọ owó. Ṣé láptọ́ọ̀pù tó wà nílé lè gbé e? Ṣé a lè gbá a nígbà tí dátà bá tán? Ṣé èèyàn méjì lè jókòó síwájú ojú kan náà gbá a? Ìkẹta yìí ni mo dì mú jù, màá sì sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Èyí tí màá kọ́kọ́ dárúkọ ni Stardew Valley. Ó jáde ní 2016, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ṣe é, Eric Barone ará Amẹ́ríkà. Òun ló ya àwòrán rẹ̀, òun ló kọ orin rẹ̀, ó lé lọ́dún mẹ́rin kó tó parí. Wọ́n ti tà á ju 40 mílíọ̀nù lọ káàkiri ayé. Ìtàn rẹ̀ á yé ọmọ Yorùbá kíá: ẹnì kan tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ti sú fi ìlú ńlá sílẹ̀, ó lọ dá oko tí bàbá àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó ń ro oko, ó ń bomi rin, ó ń sin adìẹ àti màlúù, ó ń pẹja, ó ń kí àwọn ará ìlú títí wọ́n fi gbà á bí ọmọ wọn. Ọmọ tó bá ń gbá a á mọ̀ pé ohun tí a ò bá gbìn lákòókò, a ò ní kórè rẹ̀. Kò tó gígábáìtì kan, kò sì bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e wálé. Owó rẹ̀ jẹ́ 15 dọ́là, gbàǹjo sì máa ń mú un wá sí bíi ìdajì. Ọmọ méjì lè jọ dáko lójú kan náà, bí ẹ bá ti ní páàdì kan kún un.

Ìkejì ni Portal 2, ti 2011. Ó ti dàgbà, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dára fún láptọ́ọ̀pù wa. Ìbọn wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìbọn tó ń ṣí ilẹ̀kùn lára ògiri ni: ẹ ṣí ọ̀kan síhìn-ín, ẹ ṣí ọ̀kan sọ́hùn-ún, ẹ gba ti ọ̀kan wọlé, ẹ bọ́ sí ìkejì. Ọpọlọ ni wọ́n fi ń gbá a látòkèdélẹ̀. Ẹ̀ka kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti èèyàn méjì nìkan, róbọ́ọ̀tì méjì tí ọ̀kan ò lè jáde láìsí ìkejì. Owó rẹ̀ jẹ́ 10 dọ́là, àmọ́ nígbà gbàǹjo kì í sábà ju dọ́là méjì lọ. Owó súyà alẹ́ ọjọ́ kan ni, ní òdodo.

Ìkẹta ni Vampire Survivors. Mo mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ máa dẹ́rù ba àwọn kan nínú wa, ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí kò bá fẹ́ iwin àti òkú tó ń rìn nínú ilé rẹ̀, kó fò ó, kò sí ìjà níbẹ̀. Àmọ́ àwòrán pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ bíi ti géèmù àtijọ́ ló ní, ìwọ̀nba ni dátà tó ń jẹ, èèyàn mẹ́rin lè jọ gbá a, dọ́là márùn-ún sì ni kí gbàǹjo tó débẹ̀. Ní 2023, òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ géèmù tó dára jù lọ́wọ́ BAFTA ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Luca Galante tó dá a sílẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń ṣe géèmù tẹ́tẹ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná àti ariwo fa ojú èèyàn, ó lo ọgbọ́n yẹn, àmọ́ kò fi dẹ pańpẹ́ sí owó ẹni.

Fún ẹ̀yin bàbá, màá ní kí ẹ wo Euro Truck Simulator 2. Ọkọ̀ àjàgbé ni ẹ máa wà, ẹ̀ ń gbé ẹrù láti ìlú kan ní Yúróòpù dé òmíràn, ẹ̀ ń ra epo, ẹ̀ ń sanwó ìtanràn bí ẹ bá já iná pupa. Títì dán, kò sí kòtò, kò sí ẹni tó na igi dí yín lọ́nà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan ní ìlú onílùú, ó ń fini lọ́kàn balẹ̀. 20 dọ́là ni, gbàǹjo sì sábà máa ń mú un bọ̀ sí nǹkan bíi dọ́là márùn-ún.

Ẹ̀yin tọkọtaya tí láptọ́ọ̀pù yín lágbára tàbí tí ẹ ní PlayStation nílé, ẹ wá It Takes Two. Òun ló gba géèmù ọdún ní The Game Awards ní 2021. Ọkọ àti ìyàwó tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ ló di ọmọláńgidi, wọn ò sì lè padà sí èèyàn àfi kí wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹnì kan ò lè dá a gbá láé. Àmọ́ ó tóbi, ẹ ṣètò dátà yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ọmọ rí aláwọ̀ dúdú bíi tiẹ̀ nínú géèmù, Tales of Kenzera: ZAU wà. Abubakar Salim, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orírun rẹ̀ jẹ́ Kẹ́ńyà, ló ṣagbátẹrù rẹ̀ ní 2024 láti fi ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀ tó kú. 20 dọ́là ni, ẹ dúró de gbàǹjo.

Ó wá ku bọ́ọ̀lù. Mo mọ̀ pé ibí ni ìjà máa ti bẹ̀rẹ̀. Ọdọọdún ni EA ń gbé géèmù bọ́ọ̀lù tuntun jáde, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ kúrò ní FIFA sí EA Sports FC láti 2023. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù àti aṣọ ló sábà ń yàtọ̀ jù. Bí ẹ bá ní ti ọdún tó kọjá, bọ́ọ̀lù kan náà lẹ máa gbá. Èyí tó burú jù ni káàdì agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń tà nínú rẹ̀: ẹ sanwó, ẹ ò mọ ẹni tó máa jáde. Tẹ́tẹ́ ni, ẹ jẹ́ ká pe ọ̀bẹ lọ́bẹ. Ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ìjọba wọn sọ ní 2018 pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ ta ko òfin tẹ́tẹ́, EA sì dá títà rẹ̀ dúró níbẹ̀ ní 2019. Ọmọ tí a ń lé kúrò ní ilé tẹ́tẹ́ ojú títì, a ò gbọdọ̀ fi káàdì báǹkì wa ṣílẹ̀kùn òmíràn fún un nínú pálọ̀. Bí ọmọ bá ń sunkún bọ́ọ̀lù, ẹ ra ti ọdún tó kọjá, ẹ má sì fi káàdì yín sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ ìsanwó kún un. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì gé ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun sí 20 dọ́là lóṣù, àwọn kan tilẹ̀ dá a dúró pátápátá. Àwọn kan ti ṣí i padà ní 2025. Ẹ bi báǹkì yín léèrè kí gbàǹjo tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ má ra àkáǹtì géèmù lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ lórí WhatsApp, torí pé ẹni tó tà á lè gbà á padà lóru ọjọ́ náà. Bí ẹ bá rà á lórí Steam tí kò ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù yín, ẹ lè gba owó yín padà láàárín ọjọ́ 14, bí ẹ kò bá tíì gbá a tó wákàtí méjì. Torí náà, ọjọ́ tí ẹ rà á ni kí ẹ dán an wò. Kí ẹ sì tó rà rárá, ẹ wo Epic Games Store. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fún èèyàn ní géèmù lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà Kérésì wọ́n sábà ń fúnni lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ gbà á, tiyín ni.

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, géèmù ló ń ba ọmọ jẹ́." Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Ọmọ tó bá dá wà nínú yàrá pẹ̀lú fóònù láti àárọ̀ di alẹ́, ó máa bàjẹ́, ì báà jẹ́ géèmù ì báà jẹ́ fíìmù. Ìdí nìyí tí mo fi di ìbéèrè ìkẹta yẹn mú. Èèyàn méjì tó bá jókòó ti ara wọn gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ wo àwọn ọmọ wa níbí: Haúsá ní títì, Gẹ̀ẹ́sì ní iléèwé, Yorùbá ti ń di ti ọ̀rọ̀ ìkíni nìkan lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn. Géèmù ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kí ẹ̀yin náà máa sọ ọ́. Ẹ jókòó ti ọmọ yín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálẹ́, kí ẹ máa pariwo pé, "Yà sí apá òsì! Mo ní òsì, kì í ṣe ọ̀tún! Dúró dè mí! Bomi sí ẹ̀gẹ́ yẹn kó tó gbẹ!" Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá fi gbá géèmù kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí iná ò bá sí, ẹ gbé ọpọ́n ayò jáde. Òun ò mọ gbàǹjo, kò mọ dọ́là, èdè kan náà ló sì ń kọ́ni.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ó bá jẹ́ dọ́là méjì péré ni apá wa ká lọ́dún yìí, ẹ fi ra Portal 2, kí ẹ sì gba páàdì kejì mú fúnra yín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ géèmù míì tó rọrùn tí èèyàn méjì lè jọ gbá, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ fún àwọn òbí yòókù.