Ọ́ìlì Wo Ló Yẹ Ọkọ̀ Tó Ní Tọ́bò?

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ àkọ́kọ́, ó sì kan tọkọtaya tó ń tu owó jọ láti ra tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwọn òbí wa lò, bíi Corolla àti Camry, kò ní tọ́bò. Àwọn tó ń gba èbúté wọlé báyìí ti yàtọ̀: Volkswagen tí wọ́n kọ TSI sí lẹ́yìn, Ford tí wọ́n kọ EcoBoost sí lára, Mercedes àti Honda tuntun, tọ́bò ló kún inú wọn. Ẹlòmíràn a wa ọkọ̀ náà fún odindi ọdún kan láìmọ̀ pé ó ní in. Ọjọ́ tí tọ́bò bá kú ni yóò mọ̀, iye tí wọn yóò sì bèèrè fún òmíràn lè kó owó ilé-ìwé ọmọ lọ.

Orúkọ ara ọkọ̀ kì í sọ òtítọ́ tán. C300 ti ọdún 2014 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò ní tọ́bò. C300 ti 2015 ní in. CR-V ti 2017 tó jẹ́ LX kò ní. EX ti ọdún kan náà ní. Àwọn Mercedes tí wọ́n kọ Kompressor sí nídìí ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe tọ́bò. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí tiwọn. Kí ẹ tó bèèrè ọ́ìlì, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wà.

Èéfín gbígbóná tí ì bá kàn gba inú páìpù jáde lásán ni tọ́bò ń lò. Èéfín náà ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so abẹ̀bẹ̀ yìí mọ́ òmíràn lódì kejì, èyí tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i ń jẹ́ kí epo púpọ̀ sí i jó, agbára a sì pọ̀ sí i. Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ fún èrò yìí lọ́dún 1905, àmọ́ ọdún 1962 ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ní in tó dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Òun náà ló jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì Honda tí kò ju lítà kan àbọ̀ lọ lè gbé ọkọ̀ tó tóbi bíi CR-V láìmí gúlegúle.

Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ó lè yí ju ìgbà 150,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Èéfín tó ń yí i nínú ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù lè gbóná tó ìwọ̀n 900 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Nínú ọ̀pọ̀ tọ́bò, orí ọ́ìlì ni ọ̀pá náà ń léfòó sí, ọ́ìlì kan náà tí a dà sínú ẹ́ńjìnnì, tó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín irin méjì, tó sì fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Òun ni kò jẹ́ kí irin fi ara kan irin. Òun náà ló ń gbé ooru kúrò níbẹ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí kò lè fura sí iná tí ọ́ìlì rẹ̀ ń là kọjá lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bí ọ́ìlì bá jẹ́ gbàrọgùdù, tàbí tó ti pẹ́ jù, ooru yóò sun ún di èédú líle. Èédú náà a máa lẹ̀ mọ́ inú páìpù tóóró tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò, ọ̀nà a máa há díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀pá yóò fi máa yí lórí gbígbẹ. Volkswagen Passat 1.8T tí wọ́n ṣe láàárín 1998 sí 2004 ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń mú. Ní Amẹ́ríkà, ọ́ìlì inú àwọn kan nínú wọn di ẹrẹ̀ dúdú, ẹrẹ̀ náà sì ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Lọ́dún 2004, ilé-iṣẹ́ náà fa àkókò tí yóò fi ṣe àtúnṣe irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ gùn di ọdún mẹ́jọ, fún ẹni tó bá ní ẹ̀rí pé òun ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Ó tún kìlọ̀ fún àwọn tó ni ọkọ̀ náà pé ọ́ìlì synthetic tó bá ìlànà òun mu ni kí wọ́n máa lò. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ níbi tí títì ti dán, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò pọ̀ tó ti Èkó, ẹ wo bí yóò ti rí fún ọkọ̀ tó ń dúró wákàtí méjì lójoojúmọ́ lórí afárá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí nọ́ńbà: 20W-50, 5W-40, 5W-30, 0W-20. Èyí tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tó tutù. Èyí tó tẹ̀lé e ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó gbóná dé ìwọ̀n 100. Ìgbà òtútù ni W dúró fún, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé kò kan àwa tí a kì í rí yìnyín. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tó sùn mọ́jú nínú ẹ́ńjìnnì ní Ìbàdàn tutù, bí ojú ọjọ́ tilẹ̀ móoru, nítorí ẹ́ńjìnnì kì í dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ gan-an kó tó gbóná tó ìwọ̀n 90. Ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, 20W-50 ki ju ìlọ́po méjì 5W-30 lọ. Kò ní tètè dé ọ̀dọ̀ tọ́bò, tọ́bò kò sì ní dúró dè é.

Ọ̀dọ̀ àwọn ẹ́ńjìnnì tó ti gbó ni ìgbàgbọ́ pé ọ́ìlì tó ki ló lágbára ti wá. 20W-50 a máa bo àléébù wọn mọ́lẹ̀: èéfín a dínkù, ariwo a rọlẹ̀. N kò lè bá mẹkáníìkì tó fi ọgbọ̀n ọdún tún irú wọn ṣe wí. Àmọ́ inú ẹ́ńjìnnì òní, àlàfo àárín irin kéré, ihò ọ́ìlì sì tóóró. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá ní 0W-20, tí mẹkáníìkì sì ní omi lásán ni, ẹ rántí pé ìwé tí ilé-iṣẹ́ kan tẹ̀ fún ilẹ̀ olóoru lè fàyè gba 5W-30 fún ọkọ̀ kan náà. Láti 20 bọ́ sí 30 kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ìwé bá gbà á. Fífò láti ibẹ̀ bọ́ sórí 20W-50 ni mo kọ̀.

Lẹ́yìn nọ́ńbà ni lẹ́tà. Àjọ API ti Amẹ́ríkà ló ń fi lẹ́tà méjì ṣàmì sí ọ́ìlì: SF, SL, SN, SP. Bí lẹ́tà kejì bá ṣe jìnnà sí A tó ni ìlànà náà ṣe jẹ́ tuntun tó. API fúnra rẹ̀ sọ pé SF kò yẹ fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1988, torí náà bí ẹ bá rí i lórí àtẹ, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. SP, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ni ẹ̀yin olótọ́bò yóò máa wá. Nínú ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń fọ́n epo tààrà sínú sìlíńdà, epo lè gbiná kí pílọ́ọ̀gì tó tan iná sí i, pàápàá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì láti gun òkè. Irú ìbúgbàù bẹ́ẹ̀ lè fọ́ písítìnnì. Àwọn onímọ̀ rí i pé kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú èròjà tó ń fọ inú ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tó ń fà á, wọ́n sì yí àdàpọ̀ ọ́ìlì padà. SP ti yege ìdánwò yẹn. SN lásán, tí kò ní Plus lẹ́yìn, kò ṣe é.

Síbẹ̀, bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ẹ óò wò lẹ́yìn gálọ́ọ̀nù, ẹ wo kóòdù ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín. VW 502 00. MB 229.5. BMW Longlife-01. Ti General Motors ni dexos1. Ilé-iṣẹ́ tó ń po ọ́ìlì kò lè gba àṣẹ yìí láìjẹ́ pé ọ́ìlì náà ti la ìdánwò kọjá nínú ẹ́ńjìnnì. Gálọ́ọ̀nù 5W-40 méjì lè jókòó ti ara wọn lórí àtẹ kan náà, kí ọ̀kan ní 229.5, kí èkejì má ní nǹkan kan. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù pẹ̀lú: níbi tí wọ́n bá ti kọ “approved”, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló fọwọ́ sí i, níbi tí wọ́n bá ti kọ “recommended for”, ẹnu ẹni tó ń tà á ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Inú ìwé ìtọ́nisọ́nà ọkọ̀ ni kóòdù wà. Tí ìwé náà kò bá bá tòkunbọ̀ dé, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló fi ẹ̀dà rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Honda kì í béèrè irú kóòdù bẹ́ẹ̀ fún CR-V. Nọ́ńbà àti àmì API ló tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọ́ìlì tó ní àṣẹ wọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn onímàgòmágó fi ń wá gálọ́ọ̀nù rẹ̀ tó ti ṣófo kiri. Ẹ rà á níbi tí wọ́n ti lè fún yín ní rìsíìtì, kí ẹ wo èdìdì ìdérí rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì tú u lójú yín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á tán, ẹ fi ìṣó lu gálọ́ọ̀nù náà kí ẹ tó sọ ọ́ nù.

Bíbá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ gba ọgbọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ju ẹni tí í bí wa lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ má fi fóònù na ojú rẹ̀. Ẹ gbé ọ́ìlì àti fílítà dání, kí ẹ ní: “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èyí tí ìwé ọkọ̀ ní kí n rà nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi lò ó, kí ẹ sì bá mi wo páìpù tọ́bò bóyá ọ́ìlì ń jò níbẹ̀.” Ẹni tí ẹ bèèrè ìmọ̀ rẹ̀ lórí páìpù kò ní bá yín jà lórí ọ́ìlì.

Ní ti àsìkò, iye kìlómítà gígùn tí ìwé kọ wà fún ọkọ̀ tó ń sáré geere. Ìwé kan náà yóò sọ pé kí ẹ dín in kù bí eruku àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá pọ̀; 5,000 kìlómítà ni èmi dúró lé. Ẹ máa fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì yọ lọ́sẹ̀ méjì méjì, nítorí tọ́bò tó ti ń rẹ̀ a máa mu ọ́ìlì. Ẹ má sì dà á kọjá àmì: bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, èyí tó ń padà bọ̀ láti inú tọ́bò kò ní rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀, èéfín aláwọ̀ búlúù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí ẹ bá sáré dé láti ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ẹ tó pa á.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì san owó ọkọ̀: ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ti ń da ọ́ìlì, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Bó bá ní àwọ̀ oyin tàbí búráùn, ẹ tẹ̀ síwájú. Bó bá dúdú tó nípọn bí ọ̀dà títì, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá sì ti rà á tán kí ẹ tó ka èyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da kẹ́míkà tó le sínú rẹ̀ láti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ẹrẹ̀ tó bá ṣí kúrò lójijì lè lọ dí ọ̀nà ọ́ìlì tọ́bò. Ọ́ìlì tó tọ́ ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú fílítà tuntun, kí ẹ tún un pààrọ̀ lẹ́yìn 1,000 kìlómítà, kí ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn 2,000, kí ẹ sì máa wo àwọ̀ èyí tí wọ́n bá tú jáde nígbà kọ̀ọ̀kan.