Ibà Lassa Kò Mọ Ẹnubodè

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ kí n fi bá ìjọba àti àwa ará Òkè-Ògùn sọ̀rọ̀.

Àgbẹ̀ ni mí ní Àgọ́-Àmọ́dù. Àwọn ènìyàn wa ń gba Ṣakí kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn ti ọ̀hún náà ń wá ná ọjà wa. Àìsàn ń bá wọn rìn. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, ibà Lassa bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Tchaourou ní Bẹ̀nẹ̀. Láti ìpínlẹ̀ Kwara níbí ni àwọn kan nínú àwọn aláìsàn náà ti lọ gba ìtọ́jú lọ́hùn-ún.

Ibà yìí jọ ibà lásán níbẹ̀rẹ̀. Bí a ti ń fi oògùn ibà ẹ̀fọn tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ń lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè fi òótọ́ hàn.

Àwọn kan ń sọ pé ó di ìlú òyìnbó kí a tó rí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Rárá o! Ibùdó tí wọ́n fi orúkọ ACEGID bẹ̀rẹ̀ wà ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, ọmọ Kamẹrúùnù, ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó ní 2014, ó wà lára àwọn tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú, kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kẹta 2020, Ẹdẹ yìí kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tú àṣírí àbùdá kòkòrò Kòrónà ní gbogbo Áfíríkà. Wọ́n ń bá Irrua ní Edo, Kenema ní Sàró àti Yunifásítì Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà ṣiṣẹ́. Adúláwọ̀ ń ran adúláwọ̀ lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ dé ẹnubodè wa. Kí nọ́ọ̀sì tó bá fura ní Ṣakí lè pe ẹnìkejì rẹ̀ ní Tchaourou lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ọkọ̀ sì wà tí yóò gbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lọ síbi àyẹ̀wò láìjáfara.

Iṣẹ́ wà fún àwa náà. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń kó àrùn yìí ran ènìyàn. Èlùbọ́ tí à ń sá sórí àpáta, ká máa ṣọ́ ọ, ká kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ká sì dé e dáadáa.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ará ilé ni Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ sí wa.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kan,
Àgọ́-Àmọ́dù.