Ẹ Yí Ìlù Padà, Ẹ Má Yọ Orúkọ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Kuto, níbi tí mọ́tò ti ń kó èrò, sípíkà kan ń pariwo níwájú ìsọ̀ ẹni tó ń ta mẹ́mórì káàdì. Ohùn Dagrin ni, "Pon Pon Pon". Àmọ́ ìlù abẹ́ ẹ̀ kì í ṣe ti 2009 mọ́. Ìlù mara ni, ó ń sáré bí ọ̀kadà tó gbé ẹni tó ti pẹ́ níbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí Dagrin kú ń jó, eruku ń sọ. Ọ̀kan nínú àwa tá a jọ ń kọ sọ́fítíwíà bá pòṣé: "Wọ́n ti ba orin yìí jẹ́!"

Irọ́ ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́.

Ta ni ò mọ "Sakomo" tí The Remedies kọ kí ọdún 1990s tó parí? Bíìtì ta ni? Ti MC Lyte ni, "Keep On, Keepin' On", 1996. MC Lyte náà mú nǹkan nínú "Liberian Girl" ti Michael Jackson, tó wà nínú àwo *Bad* ọdún 1987. Tí àtúnlò bá jẹ́ ìbàjẹ́, a jẹ́ pé orin tá a fi ṣe ọmọdé ti bàjẹ́ kó tó dé etí wa.

Ẹ wo òkè òkun náà. Run-DMC gbé "It's Like That" jáde ní 1983. Ní 1997, Jason Nevins fi ìlù house sí i. Nígbà tó di 1998, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi wà ní ipò kìíní ní ìlú Ọba. Spice Girls pàápàá ò rí i tì kúrò. Ní 1987, Coldcut ti ṣe irú ẹ̀ sí "Paid in Full" ti Eric B. & Rakim. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó ń jẹ́ Coldcut, Matt Black, kọ̀ǹpútà ló ń kọ kóòdù fún, bíi tiwa.

Àwa tá a ń fi kóòdù jẹun mọ̀ ọ́n: kóòdù tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mọ́ ti kú. Èyí táwọn èèyàn ń mú, tí wọ́n ń tú, tí wọ́n ń tún tò, òun ló wà láàyè. Orin náà nìyẹn.

Ibi tí ẹjọ́ wà gan-an nìyí. A bi ẹni tó ń tajà pé ta ló ń kọrin. Ó ní, "DJ ni." A wo orúkọ tó wà lórí fáìlì: "Fast Mix 7". Kò sí Dagrin níbẹ̀ rárá. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà ni o! Ó gbé *C.E.O.* jáde ní 2009, ó kú ní ọjọ́ 22, oṣù kẹrin, ọdún 2010. Orúkọ ìdílé ẹ̀ ni Ọláònípẹ̀kun. Ọlá ò nípẹ̀kun, ẹ wá ń fọwọ́ ara yín pẹ̀kun ẹ̀.

Ìwé àṣẹ MIT, tí wọ́n fi ń pín kóòdù lọ́fẹ̀ẹ́, sọ pé kó o lò ó, kó o yí i, kó o tà á, àmọ́ ìkìlọ̀ tó gbé orúkọ ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kí Òyìnbó tó kọ ìyẹn, àwọn onírárà wa ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n lè ki oríkì àtijọ́ sí ìlù tuntun, ẹnikẹ́ni ò ní bá wọn jà. Ṣé onírárà wo ló ń ki èèyàn tí kì í dárúkọ onítọ̀hún?

Nítorí náà, ẹ̀yin DJ, ẹ máa sáré bíìtì yín lọ, a wà lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ ẹni tó kọrin kí ìlù tó wọlé, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sára fáìlì. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tẹ́ ẹ̀ ń pòṣé, ẹ yéé pòṣé. Ẹ lọ bá ọmọ tó ń jó yẹn, kẹ́ ẹ sọ fún un pé, "Dagrin lò ń jó sí yẹn, ará ilé wa ni."

Yin ni yin ni, kẹ́ni lè ṣe mìíì. Òkú ò lè ṣe mìíì mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń jó ní Kuto lè ṣe é.