Agbè Àlejò

Bí oyún bá bàjẹ́ lára obìnrin, tàbí tí ọmọ kú tí ìyá yè, gbólóhùn kan wà tí àwọn àgbà fi ń rẹ ìdílé náà lẹ́kún: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ yìí, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kì í ṣe ìtùnú nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ìdájọ́ wà níbẹ̀. Yorùbá fẹ́ràn ọmọ púpọ̀. Síbẹ̀, bí ó bá di pé ọ̀kan ṣoṣo ni a lè gbà là, agbè ni a ń dì mú.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó kàwé ń sọ pé obìnrin tí oyún bá di wàhálà sí lára lẹ́yìn odi, kí ó fara mọ́ òfin tó bá níbẹ̀, nítorí pé òfin kan náà ni onílé àti àlejò jọ ń pa mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Irọ́ ni.

Ilẹ̀ Ireland ni n óò fi ṣe ẹ̀rí, nítorí àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1983 ni wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìpilẹ̀ ilẹ̀ náà pé ẹ̀tọ́ ọlẹ̀ inú sí ìyè dọ́gba pẹ̀lú ti ìyá rẹ̀. Savita Halappanavar, dókítà eyín, ọmọ ilẹ̀ Índíà, ẹni ọdún 31, ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, oyún ọ̀sẹ̀ 17 tó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, wọ́n sì dá a dúró sí ilé-ìwòsàn ní ìlú Galway. Kò sí ìrètí pé ọmọ náà yóò yè. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun mú oyún náà kúrò. Wọ́n ní ọkàn ọlẹ̀ ṣì ń lù. Agbẹ̀bí kan sọ fún un pé ilẹ̀ Kátólíìkì ni wọ́n wà. Òun fúnra rẹ̀ ló sì jẹ́wọ́ pé òun sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wádìí ikú náà ní ọdún 2013. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni Savita. Láti ọdún 1971 ni òfin ilẹ̀ rẹ̀ ti fàyè gba ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kòkòrò àìsàn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 28 oṣù náà. Omi ti ń dànù. Wọ́n dúró ti omi títí agbè fi fọ́.

Ta ni òfin yẹn dè gan-an? Ní ọdún 1992, lẹ́yìn ọ̀ràn ọmọbìnrin ọlọ́dún 14 kan tí wọ́n fipá bá lò, wọ́n dìbò pé òfin náà kò gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin Ireland ni wọ́n sì ń gba England lọ lọ́dọọdún. Onílé ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.

Àlejò ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń wá sá di Ireland. Obìnrin irú wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba físà England, kí ó tún gba ìwé tí yóò fi padà wọlé, kí ó tó wá owó ọkọ̀ àti owó ìtọ́jú. Títí di ọdún 2017, €19.10 ni ìjọba ń fún un lọ́sẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: oṣù mélòó ni yóò fi to owó náà jọ, oṣù mélòó sì ni oyún ń dúró deni? Ní ọdún 2014, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wá sá di ilẹ̀ náà, tí wọ́n ti fipá bá lò kí ó tó dé, bẹ̀bẹ̀ títí ó sú u. Ó ní òun yóò para òun, ó kọ oúnjẹ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀ níkẹyìn. Y nìkan ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ìròyìn.

Àwọn ará Ireland fúnra wọn ronú pìwà dà. Ní ọdún 2018, ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló ní kí wọ́n yọ òfin náà kúrò, mo sì gbóríyìn fún wọn. Nísinsìnyí, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kì í sanwó ìṣẹ́yún títí di ọ̀sẹ̀ 12. Àlejò tó ń kọjá lọ ló ń san án, yóò sì fi ọjọ́ mẹ́ta dúró.

Wọn yóò ní kí obìnrin náà kúkú padà sílé. Ilé wo? Ní gúúsù Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ti ẹni tó bá a ṣẹ́ ẹ, ọdún 7 ni ti obìnrin náà, àfi bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu. Àwọn kan ń pe èyí ní àṣà wa. Ìjọba amúnisìn ló gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1916, àwọn òyìnbó náà sì ti tún tiwọn ṣe ní ọdún 1967. (Ìṣẹ́yún kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ àyálò.) Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà jáde ní ọdún 2022 láti tọ́ àwọn dókítà sọ́nà, ariwo sọ, ìjọba sì dá a dúró kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà ní Leeds tàbí Manchester ti san owó ìlera pọ̀ mọ́ owó físà rẹ̀. Owó yẹn kárí ìṣẹ́yún, dókítà kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọkọ tàbí pásítọ̀ rẹ̀. Ẹni tó wá kí ará ilé lásán ni yóò san owó ara rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ ilé-ìwòsàn ìjọba ní £500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbèsè náà lè dí físà rẹ̀ mìíràn lọ́wọ́. Àlejò lójú, kò fi ríran: ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Ìlú Ọba máa sọ nǹkan wọ̀nyí fún àwọn ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń fi ọ̀nà ọjà hàn wọ́n. Ohun tí wọ́n ń bi wọ́n lọ́jọ́ náà ni ìjọ tí wọn yóò máa lọ.