Onílù Kì í Ṣe Ẹlẹ́gbè: Ẹ̀kọ́ Lára Max Roach

Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1956, ọkùnrin mẹ́rin pàdé ní ìlú Hackensack, ìpínlẹ̀ New Jersey, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Pálọ̀ ilé àwọn òbí Rudy Van Gelder, ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀, ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Sonny Rollins fọn fèrè sáksófóònù, Tommy Flanagan tẹ dùùrù, Doug Watkins ta báàsì, Max Roach sì lu ìlù. Orin márùn-ún inú iṣẹ́ náà ni iléeṣẹ́ Prestige kó jọ sínú àwo tí wọ́n pè ní Saxophone Colossus, ìyẹn Òmìrán Fèrè. Òjìji Rollins àti fèrè rẹ̀ nìkan ló wà lára páálí rẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò jiyàn pé òmìrán ni Rollins. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ọ̀pọ̀ tó ń yin àwo náà máa ń ka onílù sí ẹlẹ́gbè lásán. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo orin àkọ́kọ́, St. Thomas. Orin kàlípsò ni, tó wá láti erékùṣù Káríbíánì tí àwọn òbí Rollins ti ṣẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí i létí nígbà èwe. Síbẹ̀, fèrè kọ́ ló ṣí orin náà, ìlù ni. Roach ló kọ́kọ́ dá lù ú kí Rollins tó wọlé. Nígbà tó yá, fèrè dákẹ́, onílù gba ojú agbo. Nígbà tí Rollins padà dé, ìrìn kàlípsò ti di ìrìn jáàsì, òun náà sì bá a lọ. Ta ló wá ń darí ta?

Bẹ́ẹ̀ náà ni Blue 7, tó lé ní ìṣẹ́jú 11. Ní 1958, Gunther Schuller kọ àròkọ olókìkí kan láti fi hàn bí Rollins ṣe hun orin náà láti inú èrò kan ṣoṣo. Roach ṣe bákan náà pẹ̀lú ọ̀pá ìlù: ó mú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tàbí méjì, ó ń tún un sọ, ó ń yí i padà, kò pariwo.

Ó yẹ kí èyí tètè yé Yorùbá, tó ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Tony Allen, onílù tó bá Fẹlá dá Afrobeat sílẹ̀ l'Ékòó, ka Roach mọ́ àwọn tó kọ́gbọ́n lára wọn. Síbẹ̀, mélòó nínú àwọn tó ń jó sí orin Fẹlá ló mọ orúkọ Allen?

Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ náà, ìjàǹbá ọkọ̀ pa Clifford Brown, afunkàkàkí tí òun àti Roach jọ ń darí ẹgbẹ́ olórin kan, àti Richie Powell tó ń tẹ dùùrù fún wọn. Rollins náà wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún. Ibẹ̀ ni òun àti Roach ti gbọ́ra wọn yé tó bẹ́ẹ̀. Irú ìgbọ́ra-ẹni-yé yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, kì í sì í wà títí.

Roach kú ní 2007, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń dún nínú àwo náà. Ẹni tó bá tún fẹ́ gbọ́ ọ, kó fi òmìrán fèrè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó tẹ̀lé onílù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yóò rí i pé òmìrán méjì ló wà nínú pálọ̀ ọjọ́ náà.