Ilé-iṣẹ́ fóònù lè kú, àmọ́ nọ́ńbà wa ò gbọ́dọ̀ bá a kú

Tí mọ̀lẹ́bí yín kan bá ra síìmù 0802 lọ́dún 2001, tó sì ń lò ó dòní, ilé-iṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn ti jẹ́ orúkọ mẹ́fà. Econet ló ń jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 2001. Ní 2004, ó di Vodacom fúngbà díẹ̀, kí ọdún náà tó parí ó ti di Vmobile. Ní 2006, Celtel. Ní 2008, Zain. Láti 2010 ló ti ń jẹ́ Airtel. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti ilé-iṣẹ́ yìí, ẹni tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa àwa ọ̀dọ́ lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ò yí padà: nọ́ńbà. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń ta ilé-iṣẹ́ náà láti ọwọ́ kan sí òmíì, 0802 ò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà o, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo NITEL, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ̀ ju orúkọ lọ. Ọdún 1985 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀, nígbà tí wọ́n da ẹ̀ka tẹlifóònù P&T pọ̀ mọ́ NET, tó ń rí sí ìpè sókè òkun. Títí GSM fi dé, ìlà tẹlifóònù tó wà ní gbogbo Nàìjíríà ò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ àwa èèyàn ibẹ̀ ti lé ní 100 mílíọ̀nù.

Nígbà tí ìjọba ní òun fẹ́ ta NITEL, ó di eré. Lọ́dún 2001, Investors International London Limited ní àwọn máa san 1.317 bílíọ̀nù dọ́là. Wọn ò rówó náà san tán. Lọ́dún 2006, Transcorp gbà á. Ní 2009, ìjọba gbà á padà. Lọ́dún 2010, àwọn New Generation tún dá iye tó lé ní 2.5 bílíọ̀nù dọ́là. Iyẹn náà forí ṣánpọ́n. Nígbà tó fi máa dé ọwọ́ NATCOM ní 2015, nǹkan bíi 252 mílíọ̀nù dọ́là péré ni wọ́n tà á.

Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń ná ọjà yẹn, ta ló ranti oníbàárà? Àwọn tó ti sanwó ìlà, tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà sára pátákó ṣọ́ọ̀bù àti lẹ́tà ilé-iṣẹ́ wọn, wáyà kàn dákẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fáwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lo ẹ̀rọ CDMA. Visafone ṣoríire, MTN rà á. Starcomms, tó gbé ìpín ìdókòòwò rẹ̀ lọ sí ọjà ìpín ní 2008, ò pẹ́ tó fi kógbá sílé. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà wọn ṣòwò, ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé Etisalat. Ní 2017, gbèsè 1.2 bílíọ̀nù dọ́là tó yá lọ́wọ́ báńkì 13 wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àwọn olówó rẹ̀ tó wá láti Abu Dhabi sì kó ẹrù wọn. Àjọ NCC àti báńkì àpapọ̀ CBN ló dá sí i, kí àwọn báńkì má bàa gbá ilé-iṣẹ́ náà mú, kó sì dẹnu kọlẹ̀. Ó di 9mobile. Ní 2025, ó di T2. 0809 ṣì ń dún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 0809 àti Starcomms kì í ṣe ti kádàrá. Àwọn tó láṣẹ ló dá sí ọ̀kan.

Lóòótọ́, àwọn kan á ní òwò lòwò, ẹni tó bá jẹ gbèsè kó padà sílé. Mo gbà. Àmọ́ nọ́ńbà kì í ṣe ẹrù ilé-iṣẹ́. Lábẹ́ òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003, ọwọ́ NCC ni ètò nọ́ńbà wà; ńṣe ni wọ́n ń yá àwọn ilé-iṣẹ́ lò. Ẹni tó ń yáni ní nǹkan ló yẹ kó mọ ibi tó máa já sí.

Ohun tó sì so mọ́ nọ́ńbà lónìí ju ìpè lọ. NIN wà níbẹ̀, BVN wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni kóòdù báńkì ń wọlé sí. Ládùúgbò wa ní Ògùdù níbí, télọ̀, oníPOS, ìyá tó ń ta oúnjẹ, nọ́ńbà fóònù wọn ló wà lára pátákó. Nọ́ńbà fóònù ọ̀hún gan-an ni nọ́ńbà àkáǹtì àwọn mìíì nínú wọn. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn bá kú lóru, kí ni wọ́n máa fi gbowó láàárọ̀?

Ẹ má sọ fún mi pé láti 2013 la ti lè gbé nọ́ńbà wa lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì. Ẹni tó bá tètè gbọ́ nìyẹn wà fún. Ẹni tí ò gbọ́ ńkọ́?

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí NCC ṣe. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí títa ilé-iṣẹ́ kankan, kí wọ́n kéde ibi tí nọ́ńbà àti owó ìpè tó wà lórí síìmù wa ń lọ. Tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ tì pa, kí wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́fà, kí wọ́n sì gbé nọ́ńbà wa lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì láìgba kọ́bọ̀. Ìkẹta, kí wọ́n má ṣe ta nọ́ńbà ẹnìkan fún ẹlòmíì láìjẹ́ pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára NIN àti báńkì ẹni àkọ́kọ́.

Àjọ yìí ní eyín. Ní 2015, owó ìtanràn 1.04 tírílíọ̀nù náírà ni wọ́n bù lé MTN lórí síìmù tí wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó tó di pé wọ́n dín in kù sí 330 bílíọ̀nù. Tí wọ́n bá lè le tó bẹ́ẹ̀ nítorí síìmù tí kò lórúkọ, kí wọ́n le bẹ́ẹ̀ náà nítorí àwa tá a forúkọ tiwa sílẹ̀.

Torí náà, ìgbà míì tí ilé-iṣẹ́ fóònù bá yí orúkọ padà, tí wọ́n kó àwọn olórin wá jó lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má kàn bá wọn jó. Ẹ pe 622, nọ́ńbà tí NCC fi ń gba ẹ̀sùn, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n pé: nọ́ńbà tèmi ńkọ́?